Ọ̀rọ̀ Kún Fóònù, Bébà Kún Ilẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń sọ: ohun tí à ń gbọ́, tí à ń kà, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa lójúmọ́ kan ti ju ohun tí orí lè gbà lọ. A mú mẹ́fà nínú wọn. Ẹ ó rí i pé ibì kan náà ni ìdáhùn wa máa ń forí tì: ohun tó gbọ́dọ̀ dún létí yín, ẹ gbé e fún fóònù, ohun tó gbọ́dọ̀ wà lójú yín títí ẹ ó fi ṣe é tán, ẹ gbé e fún ìwé. Ẹni tó bá pààrọ̀ méjèèjì ló máa ń jìyà jù.

Mo ń ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà Gbági. Orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà ti ń béèrè ọjà, ibẹ̀ náà ni gúrúùpù ẹgbẹ́ ọjà, ti ìjọ, ti mọ̀lẹ́bí àti ti àwọn tá a jọ jáde ilé ìwé wà. Kò sí ọjọ́ tí mi ò ní rí oníbàárà tó ti kọ̀wé láti àná, tí mo ti kà á, tí mi ò sì dá a lóhùn. Mo ra ìwé tí mo fẹ́ máa kọ nǹkan sí, mi ò kì í rántí kọ ọ́. — Ìyá aláṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ajé á wọ igbá.

Àmì roboto aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó kọ̀wé ni ẹ fi ṣe olùránnilétí, òun ló sì ń já yín kulẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣí ọ̀rọ̀ náà wò, àmì á lọ. Bí àwọn mìíràn sì ti ń kọ̀wé wọlé, orúkọ oníbàárà yẹn á máa lọ sísàlẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti wà lábẹ́ “ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ tuntun” tí kò lóǹkà.

Ẹ kọ́kọ́ ya ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹbí. Ẹ gba SIM kejì, kí ẹ fi ṣí WhatsApp Business. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú WhatsApp tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà wọn bá ti yàtọ̀. Ẹ tan Two-step verification, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí onídíjíìtì 6, kí olè má baà gba ojú ọjà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ sì máa fi SIM náà pe èèyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o. Nọ́ńbà tí wọn ò lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè gbà á padà kí wọ́n tà á fún ẹlòmíì, àwọn oníbàárà yín á wá máa kọ̀wé sí àjèjì.

Nínú Business yìí ni ẹ ó ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní label, ìyẹn àmì tí ẹ lè fi sára orúkọ oníbàárà kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Ẹ lè ṣe tó 20, ṣùgbọ́n ẹ má kọjá 3: “Ó béèrè”, “Owó kù”, “Ẹrù kù”. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó máa ro èwo ni kí ẹ fi sí i, ẹ ò sì ní fi ìkankan sí i mọ́. Ẹ tẹ orúkọ oníbàárà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àyè láti fi label sí i á jáde lókè. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà tí kò sì sí àyè láti dáhùn, ibẹ̀ náà ni Mark as unread wà. Àmì aláwọ̀ ewé á padà sípò rẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé á ṣì rí i pé ẹ ti kà á, nítorí náà ẹ má fi í falẹ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ.

Ní ti àwọn gúrúùpù, ẹ kó gbogbo wọn sínú Archive, kí ẹ wọ Settings, kí ẹ wọ Chats, kí ẹ rí i pé Keep chats archived wà ní títàn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: bí èyí bá wà ní pípa, gúrúùpù tí ẹ kó pamọ́ á tún yọ síta gẹ́rẹ́ tí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi àmì @ dárúkọ yín, tàbí wọ́n fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, fóònù á ṣì ta yín lólobó. Ẹgbẹ́ ọjà ò ní lè sọ pé àwọn ò rí yín pè.

Ó wá kan ìwé. A fura pé inú báàgì ló ń gbé. Ìwé ọjà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, kí ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn. Ẹ ra ìwé gígùn ẹlẹ́yìn líle, kí ẹ fi rúlà pín ojú ewé sí ọ̀nà 6: ọjọ́, orúkọ, ọjà, iye owó, owó tó kù, ó ti gbé e. Ìlà kan fún ọjà kan. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó fèsì lórí fóònù. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fèsì, ọkàn yín á ti kà á sí ohun tó parí, bírò ò sì ní kan ìwé mọ́.

Ohun tó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni kí wọ́n kọ “àǹkárá búlúù” nígbà tí àǹkárá búlúù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, A1, A2 fún àǹkárá, L1, L2 fún léèsì, kí nọ́ńbà náà sì hàn kedere nínú fọ́tò tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Oníbàárà á kọ “A14”, òun náà ni ẹ ó kọ sínú ìwé. Odidi àǹkárá jẹ́ yáàdì 6, léèsì 5. Àfi tí ohun tí wọ́n fẹ́ bá yàtọ̀ sí èyí ni kí ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ iye yáàdì.

Kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 wo ìwé pọ̀ mọ́ label. Ìlà tó ti parí, ẹ fi rúlà fa ìlà gba àárín rẹ̀. Èyí tí kò parí tí ojú ewé rẹ̀ sì ti kún, ẹ tún un kọ sí ojú ewé tuntun, kí ẹ fi ọfà sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Bó bá sì jẹ́ fọ́tò álàátì ni wọ́n fi ránṣẹ́, owó ò tíì wọlé nìyẹn. Inú àkáǹtì ni kí ẹ wò kí ẹ tó yọ “Owó kù”.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Rìsíìtì POS tí mo kó pamọ́ fún ẹjọ́ owó kan ti funfun pátápátá, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí wọn mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, mo máa ń pàdánù ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún mi, bẹ́ẹ̀ ìwé ìpè náà wà nínú ilé. — Bàbá tíṣà, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìsinmi, sà. Ínkì kò sí lára rìsíìtì POS láti ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́míkà kan ni wọ́n fi kun bébà náà, tó máa ń dúdú bí ooru bá kàn án. Ẹ̀rọ náà kàn ń gbóná ní ibi tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí ni. Kẹ́míkà yìí kan náà ni oòrùn, ooru inú mọ́tò, òróró ọwọ́ àti àwọn ọ̀rá kan ń bà jẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á gan-an ni kí ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ sórí bébà lásán, kí ẹ fi pín so méjèèjì pọ̀, kí ẹ kọ iye owó, ọjọ́ àti ohun tí ẹ san owó fún sí ẹ̀yìn ẹ̀dà náà. Ẹ má gbé rìsíìtì yìí fún ẹni tó ń ṣe laminate o: ooru ẹ̀rọ náà á sọ gbogbo ojú rẹ̀ di dúdú. Àwọn tó ti funfun yẹn, ẹ gba sitétímẹ́ńtì àkáǹtì ìgbà náà ní báńkì. Ọjọ́ àti iye owó á wà níbẹ̀.

Ní ti ọjọ́ ìpè, ọgbọ́n àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì àtijọ́ kan wà tó ṣì ń ṣiṣẹ́: fáìlì 43. 31 jẹ́ ti ọjọ́ inú oṣù, 12 jẹ́ ti oṣù inú ọdún. Ìwé tó bá ní ọjọ́ lára, inú oṣù rẹ̀ ló ń lọ; bí oṣù náà bá wọlé, ẹ ó pín ohun tó wà níbẹ̀ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan; láràárọ̀ ẹ ó tú fáìlì ọjọ́ náà. Fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, 43 ti pọ̀ jù lójú tiwa. Àpòòwé ńlá 12 fún oṣù àti 4 fún ọ̀sẹ̀ tó, kí ẹ tò wọ́n ní òòró sínú páálí kan. Ìwé ìpè ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án á wọ àpòòwé oṣù kẹsàn-án; bí oṣù náà bá dé, á bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ibi tí ètò yìí ti ń bàjẹ́ ni pé èèyàn kì í ṣí i. Bí ẹ bá fo ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ìwé sórí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ so ó mọ́ nǹkan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi tíì àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá, ẹ tún gbé e sí álààmù fóònù lẹ́ẹ̀méjì: ọjọ́ 3 ṣáájú, fún fọ́tókọ́pì àti owó ọkọ̀, àti àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń lọ sára álààmù náà. Álààmù tó kàn ń dún láìsọ ohun tó fẹ́, pípa là ń pa á.

Ìwé ilẹ̀, sátífíkéètì àti ìwé pẹ́ńṣàn kò sí lára èyí. Ẹ fi wọ́n sínú fáìlì tiwọn, ẹ má lu wọ́n níhò, kí ẹ lẹ àkójọ orúkọ wọn mọ́ ẹ̀yìn fáìlì náà, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri nítorí ikán.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Àárọ̀ ni mò ń sùn, ìgbà náà gan-an ni àwọn ará ilé ń kọ̀wé. Bí mo bá pa fóònù, ẹ̀rù á máa bà mí pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀ sí Màmá. — Nọ́ọ̀sì, Texas

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Aago ni ẹ kọ́kọ́ máa wò. Nàìjíríà kì í sún aago síwá sẹ́yìn, Texas ń sún tirẹ̀. Láti oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wákàtí 6 ni Nàìjíríà fi ṣáájú yín. Ìyókù ọdún, wákàtí 7. Bí ẹ bá sùn ní aago 9 àárọ̀, aago 3 tàbí 4 ìrọ̀lẹ́ ni l'Ékòó, bí ẹ bá sì jí ní aago 4, alẹ́ ti lẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni ẹ fi ń sùn. Ẹ kọ aago méjèèjì sórí bébà kékeré kan, kí ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ó ń yí padà.

Ẹ má pa fóònù. Ẹ lo Do Not Disturb, ìyẹn ètò inú fóònù tí kì í jẹ́ kó dún àfi fún ẹni tí ẹ bá yàn. Lórí Android, ẹ fi ìràwọ̀ sí orúkọ Màmá àti ẹni tó ń tọ́jú wọn, kí ẹ gbà kí starred contacts wọlé, kí ẹ sì tan Repeat callers: ẹni tó bá pe lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15, ìpè rẹ̀ á dún. Lórí iPhone, inú Focus ni ẹ ó ti rí i, Repeated Calls ni wọ́n pè é, ìṣẹ́jú 3 ni tirẹ̀. Nítorí náà àdéhùn tí ẹ ó bá wọn ṣe ni pé: ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, kí wọ́n pe nọ́ńbà fóònù gan-an, lẹ́ẹ̀méjì tẹ̀lé ara wọn. Kò pọn dandan kí wọ́n ní owó púpọ̀ lórí káàdì. Kí wọ́n kàn fi fílááṣì méjì sí yín, ẹ ó pè wọ́n padà. Ẹ má gbára lé ìpè WhatsApp fún èyí, nítorí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìlànà yìí ń mú un. Lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dán an wò.

Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì n'Ílé-Ifẹ̀, oríkì ni mò ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lé lórí. Screenshot tó wà lórí fóònù mi ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, PDF ò lóǹkà. Mo mọ̀ pé mo ti rí ohun kan rí, mi ò kì í mọ ibi tó wà. Ẹ jọ̀ọ́, sà tàbí mà, ẹ gbà mí. — Akẹ́kọ̀ọ́

Screenshot kì í ṣe àkọsílẹ̀, ọmọ wa. Ẹ̀rí pé o rí nǹkan ni. Kò sọ ohun tí o rò nípa rẹ̀, kò sì sọ ìwé tó ti wá. Má ṣe jókòó láti to gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì náà, wàá fi oṣù kan ṣòfò. Lọ sínú Google Photos, wá ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ. Ó lè wá ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán. Mú èyí tó wúlò, fi ìyókù sílẹ̀. Ṣọ́ra tí o bá ní kí fóònù ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde látinú àwòrán: ó máa ń ṣi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kà, oríkì tí àmì rẹ̀ bá sì ti yí, ìtumọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ọwọ́ ni kí o fi tún un kọ.

Bébà ló yẹ kí o fi ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Ra kádíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ A4 50, jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgébébà gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Wàá ní káàdì 200 tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10.5 sí 14.8, wọ́n á wọ inú páálí bàtà. Èrò kan fún káàdì kan. Kọ nọ́ńbà sí igun òkè. Kọ èrò náà ní ọ̀rọ̀ ara rẹ sí àárín. Kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ewé sí ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé lo kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́, fi àmì àyọlò yí i ká lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta o ò ní rántí èwo ni tìrẹ èwo ni tiwọn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ ti ń wá. Má kọ nǹkan sí ẹ̀yìn káàdì. Tó bá yá, wàá tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ láti rí èwo ló tẹ̀ lé èwo, ohun tó wà lẹ́yìn ò sì ní hàn sí ọ.

Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Niklas Luhmann, onímọ̀ àwùjọ ẹ̀dá tó kú ní 1998, kó káàdì bí 90,000 jọ lọ́nà yìí. Ó máa ń fún èrò tó bá jáde látinú káàdì 1 ní 1a, èyí tó bá jáde látinú 1a ní 1a1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè fi káàdì tuntun sáàárín láìba ìtòlẹ́sẹẹsẹ jẹ́. Nọ́ńbà yẹn wúlò fún ìwọ náà. Ohun tí kò wúlò fún ọ ni kí o máa lọ wo fídíò lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń to káàdì wọn. A mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ètò yìí dáadáa tí wọn ò tíì kọ orí kìíní.

Fóònù á ṣe iṣẹ́ ilé ìkàwé. Fún gbogbo PDF ní orúkọ lọ́nà kan náà: orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, ọ̀rọ̀ kan, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Oriki ni kí o kọ, má kọ Oríkì, nítorí àwọn áàpù kan ka i àti í sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò sì ní bá ọ rí i tó o bá wá a. Bó bá ní ọjọ́ nínú, kọ ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, bíi 2025-03-14. Wọn á to ara wọn. Fi ẹ̀dà kan sórí Google Drive, òmíràn sórí memory card. Ya fọ́tò káàdì rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú, òjò kì í mọ àpilẹ̀kọ.

Kí fóònù má baà tún kún, wọ WhatsApp, Settings, Storage and data. Ní When using mobile data, yọ àmì kúrò lára fọ́tò, ohùn, fídíò àti dọ́kúmẹ́ǹtì. Èyí tí o bá fọwọ́ tẹ̀ nìkan ló máa wọlé, dátà náà á sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣé ó yẹ kí n sanwó fún áàpù àkọsílẹ̀? — Télọ̀, Àjàṣẹ́

Rárá. Message yourself tó wà nínú WhatsApp tàbí Google Keep tó fún ìwọ̀n tí iṣẹ́ télọ̀ ń béèrè, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Kí ẹ tó gba áàpù èyíkéyìí, ẹ pa dátà, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì lè ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ pa á rẹ́. Ìwọ̀n ara oníbàárà ní tirẹ̀, inú ìwé ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan tó bá ti kún.

Gmail mi sọ pé àyè ti tán, lẹ́tà ò wọlé mọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìpolówó. — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Àkúrẹ́

Ìpolówó pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló sábà máa ń jẹ àyè. 15 GB tí Google fún yín, Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in, lórí Android ẹ̀dà ìpamọ́ WhatsApp náà ti wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ WhatsApp, Settings, Chats, Chat backup, kí ẹ pa Include videos. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ larger:10M sí ibi ìwákiri Gmail, gbogbo lẹ́tà ńláńlá á jáde. Ẹ pa èyí tí ẹ kò nílò rẹ́. Ẹ tún kọ category:promotions older_than:1y fún ìpolówó àtijọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti lè yan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè ṣe filter tó máa gbé lẹ́tà ilé iṣẹ́ kan lọ síbì kan fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣe é tán, á ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà.

Ẹ rántí wọ Trash kí ẹ tẹ Empty. Ọjọ́ 30 ni ohun tí ẹ pa rẹ́ fi ń wà níbẹ̀, ó sì ń jẹ àyè títí ó fi lọ.